Àga Ilé Sinimá Castro: Ìdí tí Ìjà fi Ń Lọ lórí Fíìmù Àtijọ́ àti Gbọ̀ngàn Ńlá

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí iná tó kú ní ilé sinimá Castro ní ìlú San Francisco, dùùrù ńlá kan ni ó máa ń kọ́kọ́ dún níwájú aṣọ funfun. Ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ yóò máa ti inú orin àtijọ́ kan bọ́ sínú òmíràn, títí yóò fi kan orin tí wọ́n fi ń yin ìlú náà fúnra rẹ̀, àwọn òǹwòran yóò sì máa pàtẹ́wọ́ bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni iná yóò kú, aṣọ ìkélé yóò ṣí, fíìmù tí ó ti pé ogójì, ọgọ́ta tàbí ọgọ́rin ọdún yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ẹni pé àná ni wọ́n parí rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó síbẹ̀ ni wọ́n ti rí fíìmù yẹn rí lórí tẹlifíṣọ̀n nílé wọn. Síbẹ̀, wọ́n wọṣọ, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n san owó, wọ́n sì wá wò ó pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọn kò mọ̀ rí.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà fún àtúnṣe ńlá. Ètò tí ilé-iṣẹ́ tí ó gba ibẹ̀ kéde ni pé yóò tún ṣí ní oṣù Kejì ọdún 2026, ohun tí wọ́n sì fi ṣe iwájú ètò náà ni ọ̀wọ́ eré orin Sam Smith, gbajúgbajà olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 2022 ni awuyewuye ti ń lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn ará àdúgbò, àwọn olólùfẹ́ fíìmù, àwọn onílé àti ìjọba ìlú, bẹ́ẹ̀ ohun tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ kò ju àga tí a kàn mọ́ ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lókèèrè lè rò pé ọ̀rọ̀ àga kò tó ohun tí àgbàlagbà ń pe ìpàdé lé lórí. Ó tó o. Láti mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe dé ayé àti ohun tí fíìmù àtijọ́ ń ṣe nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1922 ni Castro kọ́kọ́ ṣí. Ìdílé Nasser, tí ìran wọn ti ilẹ̀ Lẹ́bánónì wá, ni ó kọ́ ọ, ayàwòrán-ilé tí ó sì ṣe é ni Timothy Pflueger, tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ojú ìta ilé náà jọ ojú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Sípéènì ayé àtijọ́. Nínú ni iṣẹ́ wà: òrùlé rẹ̀ rí bí àgọ́ aṣọ ràgàjì kan tí a ta sókè, tí wajawaja sì rọ̀ létí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n rẹ́ mọ́ àjà ni, kì í ṣe aṣọ rárá, àwòrán wà lára ògiri lọ́tùn-ún lósì, fìtílà gàgàrà kan sì so rọ̀ láàárín. Àga tí ó wà níbẹ̀, tí a bá pa ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ òkè, tó 1,400.

Irú ilé báyìí ni wọ́n ń kọ́ káàkiri àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1920. Àwọn tí ń kọ́ wọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe dáadáa. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀, tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ààfin ọba kankan láyé rẹ̀, lè fi owó wẹ́wẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó sì jókòó lábẹ́ òrùlé ọlọ́nà fún wákàtí méjì bí ọmọ ọba. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wọ ilé tán ní àwọn ọdún 1950, èrò fọ́n, àwọn ilé náà sì di ẹrù lọ́rùn àwọn tí ó ni wọ́n. Ní San Francisco yìí kan náà, ilé sinimá Fox, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, tí àga inú rẹ̀ lé ní 4,600, ni wọ́n wó palẹ̀ ní ọdún 1963. Àwọn arúgbó ìlú náà ṣì ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ohun tí kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ohun tí ó yọ Castro ni pé àdúgbò ni ó wà, kò sí láàárín ìgboro tí owó ilẹ̀ ti le, àti pé ní ọdún 1976, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mel Novikoff gbà á, ó sì sọ ọ́ di ilé fíìmù àtijọ́. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ilé sinimá tí a mọ̀ lóde òní a máa gbé fíìmù tuntun kan, yóò sì máa fi í hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí èrò yóò fi tán. Irú ilé tí Novikoff dá sílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fíìmù ibẹ̀ lè yí padà lójoojúmọ́: lónìí, fíìmù aláìlóhùn ti ọdún 1927; lọ́la, ti àwọn ọlọ́pàá àti ọ̀daràn ti ọdún 1947; lọ́tùnla, eré olórin tí gbogbo èrò gbọ̀ngàn mọ orin rẹ̀ lórí, tí wọn yóò sì jọ kọ ọ́. Àdúgbò tí ó yí ilé náà ká sì ti di ibùgbé àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin, nígbà tí ibi tí wọ́n ti lè jókòó láìfòyà kò pọ̀. Nítorí náà, gbọ̀ngàn Castro di pálọ̀ ilé wọn: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, ibẹ̀ ni àjọ̀dún fíìmù tiwọn ti ń wáyé lọ́dọọdún. Àjọ̀dún fíìmù aláìlóhùn ti ìlú náà fi ibẹ̀ ṣe ilé láti àárín àwọn ọdún 1990, àjọ̀dún fíìmù àwọn ọlọ́pàá àti ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Noir City sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2003.

Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ni ó da gbogbo rẹ̀ rú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ìdílé Nasser, tí ilé náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn di òní, fi àkóso rẹ̀ lé Another Planet Entertainment lọ́wọ́, ìyẹn ilé-iṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbé eré orin kalẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun yóò tún òrùlé ṣe, òun yóò fọ àwọn àwòrán ara ògiri, òun yóò fi ẹ̀rọ amúlétutù àti ohun èlò tuntun sí i. Kò sí ẹni tí ó ta ko ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé òun yóò hú àwọn àga ìsàlẹ̀ kúrò, òun yóò sì ṣe ilẹ̀ gbọ̀ngàn ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò fi lè pa á dà: bí ó bá jẹ́ ọjọ́ fíìmù, àga yóò wà níbẹ̀, bí ó bá jẹ́ ọjọ́ orin, ilẹ̀ yóò ṣófo, èrò yóò sì dúró lórí ìdúró.

Níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ilé náà ti wà lábẹ́ ààbò òfin tipẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá ìlú, ohun tí àwọn olùjà sì ń béèrè ni pé kí ààbò náà dé inú. Ìgbìmọ̀ Alábòójútó ìlú náà gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo agbára ìjà wá wà lórí gbólóhùn díẹ̀ nínú ìwé òfin: ṣé kí a kọ ọ́ pé àga gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àbí kí a kọ ọ́ pé àga tí a kàn mọ́ ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ilé sinimá ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀? Oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi lọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ènìyàn tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí láti sọ tẹnu wọn níwájú ìgbìmọ̀, ẹlòmíràn nínú wọn sì ń rántí fíìmù tí òun àti ẹni tí ó ti kú jọ wò níbẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ní ọdún 2023, àwọn tí ó fẹ́ kí àga wà ní kíkàn mọ́lẹ̀ kò borí, iṣẹ́ àtúnṣe sì gba ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́.

Mo gbà pé ilé-iṣẹ́ náà ní àwíjàre. Owó tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù àtijọ́ kì í pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi fíìmù àtijọ́ kan hàn ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ san owó fún ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ sí fíìmù náà, kí ó san owó ìkẹ́rù ẹ̀dà rẹ̀ lọ àti bọ̀, kí ó san ti òṣìṣẹ́ àti ti iná, bẹ́ẹ̀ igba ènìyàn péré lè wá jókòó sáàárín àga 1,400. Èrò tí ó wá dúró gbọ́ orin máa ń pọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì wọn máa ń wọ́n, wọ́n sì máa ń ra ọtí. Ilé tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún a máa jẹ owó bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ, ẹni tí kò bá sì tíì san owó òrùlé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí kò yẹ kí ó yára dá àwọn onílé lẹ́jọ́.

Síbẹ̀, èmi kò rò pé àwọn tí ó jà fún àga ṣìnà. Àga tí a kàn mọ́lẹ̀ ní ohun tí ó ń sọ fún ẹni tí ó ni ilé. Ó ń sọ fún un pé fíìmù ni iṣẹ́ ilé yìí, pé ohunkóhun mìíràn tí ó bá wá, àlejò ni. Ní ọjọ́ tí a bá ti hú àga, ọ̀rọ̀ yí padà: orin a di onílé, fíìmù a wá di àlejò tí a ń tò àga fún. A kò sì lè fi ẹnu lásán dá àlejò náà dúró, nítorí pé ní oṣù tí owó bá hán, ọjọ́ tí wọ́n ń tò àga ni yóò kọ́kọ́ dínkù. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ fi èyí hàn. Láti ọdún 2022 ni Noir City ti kó lọ sí ilé sinimá Grand Lake ní ìlú Oakland lódìkejì omi, ilé tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1926 tí ó ṣì jẹ́ ilé sinimá. Àjọ̀dún fíìmù aláìlóhùn lọ sí Palace of Fine Arts ní ọdún 2024, ó sì tún lọ sí ìlú Orinda ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ilé wà, wúrà ara rẹ̀ sì ń dán, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń gbé inú rẹ̀ ti ṣí lọ.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó dé tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu, nígbà tí fíìmù wọ̀nyí wà lórí fóònù. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí a ṣe ṣe àwọn fíìmù náà. Olùdarí fíìmù ní ọdún 1928 mọ̀ pé ojú òṣèré tí òun ń yà yóò ga ju ilé alájà méjì lọ lójú ẹni tí yóò wò ó. Nítorí náà, ó lè jẹ́ kí omijé kan ṣoṣo gbé gbogbo ìtàn, kí ó sì gbà pé ẹni tí ó jókòó sí ìlà ìkẹyìn yóò rí i. Ó lè fi ènìyàn kékeré kan sí igun àwòrán ilẹ̀ gbalasa, kí ojú wa fúnra rẹ̀ sì wá a kàn. Lórí fóònù, omijé náà kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ẹni tí ó wà ní igun kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù apanilẹ́rìn-ín aláìlóhùn: àwọn tí ó ṣe é fi àyè sílẹ̀ láàárín àwàdà kan àti èkejì kí ẹ̀rín èrò lè rọlẹ̀. Ẹni tí ó bá dá nìkan wò ó yóò máa rí àyè wọ̀nyẹn bí ìgbà tí iṣẹ́ falẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò mọ̀ pé a ti fi àyè sílẹ̀ fún òun láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kí a tó rí fíìmù kan fi hàn, ó gbọ́dọ̀ wà. Èyí ni apá ọ̀rọ̀ yìí tí ó dùn mí jù. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, irú ike kan tí ń jẹ́ nitrate ni wọ́n fi ń ṣe fọ́nrán fíìmù. Àwòrán rẹ̀ a máa tàn bí omi òwúrọ̀, àwọn tí ó ti rí i sì sọ pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́; ṣùgbọ́n a máa gbiná kíákíá, omi kò sì lè pa iná rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí iná ń jẹ wà nínú òun fúnra rẹ̀. Ilé ìpamọ́ púpọ̀ ni ó jóná. Àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù fúnra wọn sì da òmíràn nù, nítorí pé nígbà tí fíìmù alóhùn dé, wọn kò rò pé ẹnikẹ́ni tún lè fẹ́ san owó wo èyí tí kò lóhùn. Ìwádìí tí Ilé Ìkàwé Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé nínú fíìmù gígùn aláìlóhùn tí ó sún mọ́ 11,000 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ìdá 14 péré nínú 100 ni ó ṣì wà ní pípé bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé e jáde. Bí ìdá 70 nínú 100 ti sọnù pátápátá.

Èyí tí ó kù ni àwọn onímọ̀ ń jí dìde lónìí, iṣẹ́ náà kò sì rọrùn. Wọn yóò kọ́kọ́ wá gbogbo ẹ̀dà tí ó bá wà ní ilé ìpamọ́ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù lè wà ní Paris nígbà tí òpin rẹ̀ wà ní Buenos Aires. Wọn yóò fi ọwọ́ tún etí fọ́nrán tí ó ti ya ṣe. Wọn yóò wá gbé e sórí ẹ̀rọ tí yóò ya àwòrán rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà. Nínú fíìmù alóhùn, àwòrán 24 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà fíìmù tí ó gùn tó 100 ìṣẹ́jú ní àwòrán 144,000, olúkúlùkù wọn ni a sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò fún ojú ibi tí ó ti ha, ìdọ̀tí àti àwọ̀ tí ó ti ṣá. Iṣẹ́ tí ó gba òye jù níbẹ̀ ni mímọ ibi tí a ó ti dáwọ́ dúró, nítorí pé bí a bá fọ̀ ọ́ jù, ara òṣèré yóò máa dán bí ike, fíìmù náà yóò sì dà bí ohun tí a ṣe lánàá. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà; àkísà fíìmù àtijọ́ wà lára iyì rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ni púpọ̀ nínú àwọn ilé sinimá ayé kó ẹ̀rọ fọ́nrán mìlímítà 35 jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wọlé. Èyí ran fíìmù àtijọ́ lọ́wọ́ ní ọ̀nà kan, nítorí pé fáìlì rọrùn láti fi ránṣẹ́ ju àgbá irin tí ó wúwo lọ. Ṣùgbọ́n ó mú kí àwọn tí ó mọ bí a ṣe ń wa ẹ̀rọ fọ́nrán dínkù. Iṣẹ́ ọwọ́ ni: ẹni náà ni yóò mọ ìgbà tí a ó ti orí ẹ̀rọ kìíní bọ́ sórí èkejì láìjẹ́ kí òǹwòran mọ̀, bí fíìmù bá jẹ́ aláìlóhùn, òun ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe àwòrán 24 ni ó yẹ kí ó kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ má baà máa sáré bí ẹni tí kòkòrò ta. Ilé sinimá ńlá tí kò bá ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ kò lè gba ẹ̀dà tí ilé ìpamọ́ kan bá fẹ́ yá a, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò fi ẹyọ kan ṣoṣo tí ó kù láyé lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbé.

Castro nìkan kọ́ ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ, àwọn mìíràn sì ti yàn ọ̀nà tí ó yàtọ̀. Ilé sinimá Egyptian ní Hollywood, tí òun náà ṣí ní ọdún 1922, ni Netflix rà ní ọdún 2020 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ American Cinematheque. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fòyà nígbà náà pé ilé-iṣẹ́ tí ó kó fíìmù wọ yàrá wa ni yóò pa ilé sinimá run. Nígbà tí ó tún ṣí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, àga tí ó lé díẹ̀ ní 500 ni ó wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì kọjú sí aṣọ funfun. Ẹgbẹ́ náà ṣì ń fi fíìmù àtijọ́ hàn níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ó sì wà lára àwọn ibi díẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà tí a ti lè fi fọ́nrán nitrate hàn láìséwu. Mo ń kíyè sí i pé níbí, àga ni a kọ́kọ́ ṣètò, orúkọ onílé ni ó yí padà.

Ti Bologna ní ilẹ̀ Ítálì ni mo fẹ́ràn jù. Ilé ìpamọ́ fíìmù ìlú náà, Cineteca, ni ó gba ilé sinimá Modernissimo, tí ó ṣí ní ọdún 1915 lábẹ́ ilẹ̀ nítòsí gbàgede ńlá ìlú, tí ó sì ti wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ẹni tí ó ń pa fíìmù mọ́, ẹni tí ó ń jí i dìde, àti ẹni tí ó ń fi í hàn jẹ́ ara ilé kan náà, owó ìlú sì wà nínú rẹ̀. Ní ọwọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n a tún máa ta aṣọ funfun sí gbàgede náà, gbogbo ìlú a sì jókòó wo fíìmù àtijọ́ lábẹ́ ìràwọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé sinimá Prince Charles, tí ó ti sọ fíìmù àtijọ́ di oúnjẹ òòjọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà, figbe ta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 lórí àdéhùn ilé tuntun tí wọ́n fẹ́ kí ó fọwọ́ sí. Ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ni ó buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Westminster sì kà á sí ohun tí ó níye lórí fún ará ìlú.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kò sì ṣeé ṣe fún ọmọ Yorùbá láti ka gbogbo èyí láìronú kan Èkó. Oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Èkó, ní gbọ̀ngàn Glover. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 àti ní àwọn ọdún 1980, Gbọ̀ngàn Àṣà Orílẹ̀-èdè ní Ìgànmú, tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ de àjọ̀dún FESTAC, di ibi tí àwọn ìdílé ti ń tò nígbà Ọdún Àjíǹde, Iléyá àti Kérésìmesì láti wo fíìmù Yorùbá. Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní ọdún 1976, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love sì ni aṣáájú òṣèré inú rẹ̀. Olóyè Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní ọdún 1979, Jáíyésinmi ní 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, àti Àyànmọ́ ní 1988. Fọ́nrán gidi ni wọ́n fi ya gbogbo wọn, aṣọ funfun ńlá ni wọ́n sì fi ọkàn sí nígbà tí wọ́n ń yà wọ́n. Àwọn ará ilé ìwòran ni, wọ́n mọ èrò.

Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fọ́nrán wọ̀nyẹn, nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n ti lè ṣe é dé ojú àmì nílé. Àwọn tí ó ni wọ́n sì máa ń gbé ẹ̀dà díẹ̀ tí wọ́n ní ká láti ìlú dé ìlú fúnra wọn, nítorí ìbẹ̀rù àwọn tí ń jí fíìmù ṣe ẹ̀dà. Ààbò ni ìyẹn nígbà náà. Lónìí, òun ni ó fà á tí ẹ̀dà fi ṣọ̀wọ́n, nítorí pé fọ́nrán tí a bá fi hàn ní ìgbà ẹgbẹ̀rún nínú eruku àti ooru a máa gbó, a sì máa já. Ohun tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ nínú àwọn fíìmù náà kò ju ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ ti ṣú lọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n tún ṣí gbọ̀ngàn Ìgànmú lẹ́yìn àtúnṣe tí àwọn ilé ìfowópamọ́ àti Báńkì Àpapọ̀ náwó sí, lábẹ́ orúkọ tuntun tí ó fi ń bọlá fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká. Àwọn gbọ̀ngàn sinimá wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n láti inú ohun tí a ti rí ní San Francisco àti Bologna, a mọ̀ pé ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé ilé ni ti fọ́nrán, àti pé ilé tí a tún ṣe láìní ilé ìpamọ́ lẹ́yìn rẹ̀ yóò kún fún ìpàdé àti ìgbéyàwó kí ó tó kún fún Ayé àti Àyànmọ́.

Ẹ̀rí wà pé ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 2016, ní ilé ìpamọ́ àjọ fíìmù orílẹ̀-èdè ní Jos, wọ́n rí Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976 láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ó sọnù. Irú fọ́nrán tí wọ́n ń lò nígbà yẹn kì í gbiná bí nitrate, ṣùgbọ́n bí ooru bá mú un, a máa rùn bí ọtí kíkan, a máa sún kì, títí kò fi ní ṣeé gbé sórí ẹ̀rọ mọ́. Ilé ìpamọ́ Arsenal ní Berlin bá àjọ náà ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn lórí aṣọ funfun ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní oṣù Kejì ọdún 2018. Bí ọdún méjì péré ni láti orí pẹpẹ ní Jos dé ibẹ̀.